Etí Pápá Ló Bọ́ Àárín Pápá

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ tẹ́tí sí mi lónìí. Ìtàn ni mo gbé wá, àgbàyanu ìtàn sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́. Kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀ tí kò gbé ayé rí, kò sì sí pápá kan nínú rẹ̀ tí a kò lè fi ìka tọ́ka sí ibi tó wà tàbí ibi tó ti wà rí. Ìtàn àwọn ọkùnrin tó gun irin tí kò ní bíréèkì ni, àwọn tó ń yí pápá bọ́ọ̀lù po ní alẹ́, tí iyẹ̀pẹ̀ ń fò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń hó yèè. Ìtàn ilẹ̀ ni pẹ̀lú: bí etí pápá, ibi tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ṣe di ibi tí owó ń gbà wọlé, tí àárín pápá fi rí oúnjẹ jẹ.

Alùpùpù ni ọba inú ìtàn wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ọlọ́kadà fi ń gbé èrò kiri. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti 500 cc, sílíńdà kan péré ló ní, jíà kan péré ló ní. Kì í mu bẹntiróòlù; mẹ́tánọ́ọ̀lù ló ń mu, èyí tí iná rẹ̀ burú débi pé bó bá ń jó ní ọ̀sán gangan, ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọwọ́ iná náà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́ta tó bá gbéra, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí bíréèkì níwájú rẹ̀, kò sí bíréèkì lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe é gbàgbé o. Alùpùpù mẹ́rin ló ń sáré pọ̀ ní ojú ọ̀nà tóóró. Bí ẹnì kan bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gùn ún mọ́lẹ̀. Nítorí kí ẹ̀mí lè gùn ni wọ́n ṣe mú bíréèkì kúrò.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Àwọn mẹ́rin yóò tò sí ìlà kan náà, akoto orí wọn yóò jẹ́ pupa, búlúù, funfun àti yẹ́lò, kí èrò ìwòran lè dá wọn mọ̀. Okùn yóò nà níwájú wọn. Bí okùn bá ti fò sókè, wọ́n ti lọ. Apá òsì ni wọ́n máa ń yí sí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń yí pápá ká, gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó ṣíwájú gba máàkì 3, ẹni tó tẹ̀lé e gba 2, ẹni kẹta gba 1, ẹni ìkẹyìn a sì máa lọ lọ́wọ́ òfo.

Ṣùgbọ́n kọ́nà ni ibi tí a ti ń mọ akin yàtọ̀ sí ojo. Bí eléré bá dé kọ́nà, yóò ju ìdí alùpùpù síta. Táyà ẹ̀yìn yóò máa yọ̀, yóò máa yí kíríkírí, yóò máa da iyẹ̀pẹ̀ lu ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ yóò wá yí táyà iwájú sí apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni gbogbo ara rẹ̀ ń lọ. Ẹsẹ̀ òsì tó wọ bàtà onírin yóò máa wọ́ nílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà tó dín epo kù lójijì, táyà ẹ̀yìn yóò di ilẹ̀ mú gírígírí, yóò sì gbọ̀n ọ́n dànù sójú ọgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá láyọ̀, ó di dandan kó fi epo kún un. Lórí irin yìí, ìbẹ̀rù ló ń gbéni ṣubú, ìgboyà ló ń múni dúró.

Níbo ni eré yìí ti wá? Ilẹ̀ Ọsirélíà ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1923, ní ìlú West Maitland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johnnie Hoskins, ọmọ bíbí ilẹ̀ Nìù Sílándì, jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìpàtẹ ohun ọ̀gbìn. Ó wá ohun tí yóò fa èrò sí pápá ìpàtẹ ní alẹ́, ó sì ní kí àwọn ọmọkùnrin fi alùpùpù sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ iná mànàmáná. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè é ní bàbá eré yìí. Ẹ fi orúkọ Hoskins sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ọdún mẹ́rin lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, eré náà ré òkun kọjá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1928, ní High Beech nínú igbó Epping lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣí ọ̀nà alùpùpù kan lẹ́yìn ilé ọtí. Èrò tó wá ju ohun tí àwọn olùṣètò fọkàn sí lọ fíìfíì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ya wọ inú igbó, débi pé inú ọ̀nà eré gan-an àti àárín rẹ̀ ni àwọn mìíràn dúró sí. Ọjọ́ náà ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé wúrà ń bẹ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Ṣùgbọ́n igbó kò ní àga, igbó kò ní iná, igbó kò ní fèrèsé tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ta ló ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí? Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń gbá rọ́gíbì ni. Gígùn pápá bọ́ọ̀lù a máa tó nǹkan bí 100 mítà, ìbú rẹ̀ a sì máa tó nǹkan bí 65. Bí a bá fi ọ̀nà alùpùpù yí i po, yóò gùn tó mítà 300 sí 400, iye yẹn gẹ́lẹ́ sì ni eré alùpùpù ń wá. Àfi bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá ló wọn ọ̀kan fún èkejì.

Ìjà wá wà nínú ìfẹ́ náà. Pápá bọ́ọ̀lù ní igun mẹ́rin, ọ̀nà alùpùpù sì rí bí ẹyin. Bí a bá gbé ẹyin ka orí igun mẹ́rin, igun yóò yọ síta. Ọ̀pọ̀ pápá ló wà tí orí àwọn igun wọ̀nyí ń bọ́ sójú ọ̀nà alùpùpù. Kí ni ṣíṣe? Ní alẹ́ alùpùpù, wọn a hú koríko igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn a gbé e pamọ́. Ní ọjọ́ bọ́ọ̀lù, wọn a dá a padà, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn a tún fi àsíá gún un. Agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti igun a máa fi ẹ̀yìn rìn sórí iyẹ̀pẹ̀ tí alùpùpù ti tú kalẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Rọ́gíbì ni ìyà náà tún jẹ jù, nítorí pé lẹ́yìn òpó rọ́gíbì ilẹ̀ ṣì kù tí a ti ń gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ fún máàkì, igun ilẹ̀ yìí sì ni kọ́nà alùpùpù máa ń gé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Wembley wàyí, nítorí a kì í sọ ìtàn ọba ká má dé ààfin.

Wọ́n kọ́ pápá náà fún ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ FA ṣí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1923, láàárín Bolton Wanderers àti West Ham United. Èrò tí wọ́n kà jẹ́ 126,047, àwọn tó fo ògiri kò sí nínú iye yẹn. Ọlọ́pàá kan tó gun ẹṣin funfun wà lára àwọn tó lé èrò kúrò lórí koríko kí wọ́n tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ayé mọ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ìpàtẹ parí ní ọdún 1925, pápá ńlá náà dá wà láàárín ilẹ̀ ahoro. Ife-ẹ̀yẹ FA, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ṣé oúnjẹ ọjọ́ kan lè bọ́ irú òmìrán bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan? Ọ̀rọ̀ ti di pé kí wọ́n wó o.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Elvin ló dúró sí àlàfo náà. Kì í ṣe ọmọ olówó. Ó ti jagun rí, ó sì ti ní àwọn ìsọ̀ kéékèèké tó ti ń ta tábà nínú ìpàtẹ náà. Nígbà tí ìpàtẹ tú, ó gba iṣẹ́ wíwó àwọn ilé rẹ̀, ó ń ta àwókù. Kàkà kó wó pápá ńlá náà, ó ra á ní ọdún 1927. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó mú eré-ìje ajá wọ etí pápá. Ní ọdún 1929, ó mú alùpùpù wọlé, a sì bí ẹgbẹ́ Wembley Lions. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn tó ń wá wo irin ní alẹ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ló ń san owó tí koríko àárín fi ń tutù de ọjọ́ ife-ẹ̀yẹ. Wembley tí à ń pè ní ilé bọ́ọ̀lù, ajá àti alùpùpù ló gbà á lọ́wọ́ òòlù àwọn tí ì bá wó o.

Bí a bá perí akọni, à fi idà lalẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1936, Wembley gba ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ nínú eré yìí lálejò. Èrò lé ní 70,000. Òfin ọdún náà ní kí eléré kó máàkì àjẹmọ́nú wá láti inú àwọn eré tó ti sá ṣáájú, kí wọ́n sì rò ó pọ̀ mọ́ ti alẹ́ náà. Ọmọ Ọsirélíà kan tí wọ́n ń pè ní Bluey Wilkinson sáré ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì borí ní ẹ̀ẹ̀máràrùn-ún. Kò sí ẹni tó lù ú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, 25 ló ní. Lionel Van Praag, ọmọ Ọsirélíà bíi tirẹ̀, ní 26. Eric Langton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ní 26. Ẹni tí kò ṣubú, tí a kò borí, ló di ẹni kẹta!

Ó wá ku Van Praag àti Langton, àwọn méjì péré, fún eré ìkẹyìn. Wọ́n tò sí ẹsẹ̀ okùn. Ara Langton kò gbà á mọ́, ó já okùn kí àkókò tó tó. Òfin ní kí wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n Van Praag ní òun kò fẹ́ di ọba àgbáyé lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sáré. Wọ́n tún okùn nà. Okùn fò sókè, Langton sì ṣíwájú. Ìyípo kìíní, Langton. Ìyípo kejì, Langton. Ìyípo kẹta, Langton. Ó di kọ́nà ìkẹyìn ti ìyípo ìkẹyìn, àlàfo bíńtín kan ṣí sílẹ̀ ní apá òsì Langton, Van Praag sì ki táyà iwájú bọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lójú ìlà kò tó táyà kan. Báyìí ni ọba àkọ́kọ́ ṣe gorí ìtẹ́, ó sì jẹ́ ẹni tó kọ adé ọ̀fẹ́ kó tó gba adé òógùn. Wilkinson pẹ̀lú kò sọ̀rètí nù: ní ọdún 1938, ní Wembley kan náà, ó gba adé tirẹ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ebi eré ń pa aráàlú, wọ́n sì tú jáde. Ní ọdún 1949, èrò tó wo Tommy Price ti Wembley bó ṣe ń gba adé àgbáyé nínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 93,000. Agbára etí pápá pọ̀ débi pé nínú Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù ti ọdún 1966, ọjọ́ Ẹtì tó yẹ kí Uruguay àti France pàdé bọ́ sí ọjọ́ eré-ìje ajá ní Wembley. Àwọn alájá kò yẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ gbá ti ọjọ́ náà ní pápá White City. Ẹ gbọ́ o: ìdíje tó tóbi jù lọ láyé yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ajá lè kọjá!

Ẹ bá mi dé ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní Custom House. Pápá West Ham tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1928 kì í ṣe ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù West Ham United o. Alùpùpù àti ajá ló ni ín, wọ́n sì ní ó lè gba 120,000 ènìyàn. Nígbà tí àwọn onílé rí i pé àárín ṣófo, wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Thames, ẹgbẹ́ náà sì wọ Líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1930. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún náà, Thames gba Luton Town lálejò. Iye èrò tó wá jẹ́ 469. Àyè ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ènìyàn tí kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ní ọdún 1932, Thames ti kúrò ní Líìgì. Ṣùgbọ́n alùpùpù kò kúrò. Hoskins tí a bá pàdé ní West Maitland ló darí ẹgbẹ́ alùpùpù ibẹ̀, Wilkinson sáré fún wọn, Jack Young tó gba adé àgbáyé ní ọdún 1951 àti 1952 náà sáré fún wọn. Wọ́n ti pápá náà ní ọdún 1972, wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Bí ẹ bá rin àdúgbò náà lónìí, ẹ ó rí àwọn òpópónà tí wọ́n fi orúkọ Hoskins, Wilkinson àti Young pè. Orúkọ àwọn alùpùpù ni àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń kọ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì ilé wọn.

Apá àríwá wá ń ké sí wa, ní ìlú Bradford, níbi tí rọ́gíbì ti jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara. Ihò ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Odsal. Ìdọ̀tí ilé gbogbo ìlú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kó dà sí etí ihò náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi di òkè tí èrò lè dúró lé, wọ́n sì ṣí i fún ẹgbẹ́ rọ́gíbì Bradford Northern ní ọdún 1934. Ní ọdún 1945, bí ogun ṣe ń kógbá sílé, Hoskins dé pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Ìdíje méjì gbé inú ihò kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, nígbà tí Warrington àti Halifax tún àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ rọ́gíbì gbá níbẹ̀, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kà jẹ́ 102,569. Àkìtàn ìlú gbé ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn dúró láì rì. Ní 1985, Erik Gundersen ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì gba adé àgbáyé nínú ihò yìí kan náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọdún 1989, ó tún padà wá fún ìdíje àgbáyé àwọn ẹgbẹ́, ó ṣubú ní kọ́nà nínú eré tó kọ́kọ́ sá, ó sì fara pa débi pé kò gun alùpùpù ìdíje mọ́ láéláé. Ilẹ̀ tó gbé e ga náà ló gbé e ṣánlẹ̀.

Mi ò ní fi ìbànújẹ́ inú ìtàn yìí pamọ́. Ní ìlú Manchester, ní Belle Vue, ọ̀nà alùpùpù yí pápá tí ẹgbẹ́ rọ́gíbì Broughton Rangers kó wá sí ní ọdún 1933 ká. Ibẹ̀ ni Peter Craven ti di ìlú-mọ̀ọ́ká, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń fò lórí irin, tó gba adé àgbáyé ní ọdún 1955 àti 1962. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, ó lọ sáré ní Meadowbank ní ìlú Edinburgh, pápá tí ẹgbẹ́ Leith Athletic ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣubú sójú ọ̀nà. Kò sí bíréèkì. Ojú ẹsẹ̀ ni Craven ní láti yàn: kó gun ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kó da ara rẹ̀ nù. Ó ya kúrò fún un, ó sì kọlu ọgbà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó jáde láyé ní ọmọ ọdún 29. Ẹni tó ṣubú yè. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní eré aláriwo lásán ni èyí, ẹ sọ ti Craven fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà mìíràn wà tí àárín pápá jìyà etí. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Barrow wà ní Líìgì láti ọdún 1921. Nígbà tí àìlówó dé, wọ́n la ọ̀nà alùpùpù yí pápá Holker Street po ní ọdún 1972. Ní ọdún náà gan-an, wọ́n parí láàárín àwọn ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ tábìlì, ó sì di dandan kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù dìbò bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n lọ. Wọ́n dìbò yọ wọ́n, wọ́n fi Hereford United rọ́pò wọn. Ìdí pọ̀: Hereford ṣẹ̀ṣẹ̀ na Newcastle nínú ife-ẹ̀yẹ FA, Barrow sì jìnnà sí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà iyẹ̀pẹ̀ tó yí koríko ká wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Ọdún 48 ni Barrow fi rìn nínú aginjù kó tó padà sí Líìgì ní ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé ilẹ̀ Pólándì, níbi tí eré yìí ti wọ ẹ̀jẹ̀ jù lọ láyé. Ní Chorzów, pápá Stadion Śląski wà, tó ti jẹ́ ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1973, Pólándì na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ní àmì ayò méjì sí òdo, gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì jó. Kò tó oṣù mẹ́ta tí àwọn alùpùpù fi dé sí etí koríko kan náà fún ìdíje àgbáyé, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án. Èrò lé ní 100,000. Ivan Mauger ti ilẹ̀ Nìù Sílándì wà níbẹ̀, ẹni tó ti gba adé mẹ́rin, tó ṣì máa gba méjì sí i. Jerzy Szczakiel náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 24 tí ayé kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí eré parí, máàkì 13 ni Mauger ní, 13 ni Szczakiel ní. Àwọn méjèèjì jáde fún eré ìkẹyìn. Szczakiel ṣíwájú. Mauger lé e, ó sún mọ́ ọn, ó fẹ́ gba inú kọjá, ó sì ṣubú! Ọmọ tí a kò kà sí dá nìkan dé ìlà, ariwo sì gba ojú ọ̀run. Òun ni ọmọ Pólándì àkọ́kọ́ tó gba adé náà. Ó tó ọdún 37 kí ìkejì rẹ̀, Tomasz Gollob, tó gba tirẹ̀ ní ọdún 2010. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973 yẹn kan náà, Pólándì lọ ta ọ̀mì pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn Ife Àgbáyé mọ́ wọn. Láti Chorzów dé Wembley, pápá tí alùpùpù ń bọ́ ni bọ́ọ̀lù ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ìyanu wọ̀nyí.

Nígbà tó yá, ayé yí. Àwọn onípápá fẹ́ kí àga sún mọ́ koríko, ilẹ̀ di wúrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé etí kúrò lára àárín. Ìdíje àgbáyé ìkẹyìn ní Wembley wáyé ní ọdún 1981, Bruce Penhall ti Amẹ́ríkà ló gba á níwájú èrò tó lé ní 90,000. Wọ́n sì ti wó Wembley àtijọ́ báyìí, èyí tuntun kò ní ọ̀nà kankan létí. Pápá Belle Vue tó wà ní Hyde Road ní Manchester lọ ní ọdún 1987. Ní Exeter, níbi tí rọ́gíbì àti alùpùpù ti jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, alùpùpù parí ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú rí ní Cardiff! Ole Olsen ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, ẹni tó ti gba adé àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó sì gba méjì nínú wọn ní Wembley, sọ pé bí pápá kò bá ní etí mọ́, òun yóò gbé etí wá láti ìta. Ní ọdún 2001, wọ́n wọ pápá rọ́gíbì orílẹ̀-èdè Wélísì. Koríko ibẹ̀ wà lórí pálẹ́ẹ̀tì tí a lè gbé kúrò, wọ́n sì gbé e kúrò. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù òkúta lílọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n rin ín, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n pa òrùlé dé, ariwo irin kò sì ríbi jáde. Tony Rickardsson ti Súwídìn ló gba ti ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún 2007, Chris Harris, ọmọ Cornwall, wà lẹ́yìn Greg Hancock ti Amẹ́ríkà títí di ìyípo ìkẹyìn, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn èrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé náà pẹ̀lú ariwo. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn o. Ní Warsaw ní ọdún 2015, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nínú pápá orílẹ̀-èdè Pólándì, ní alẹ́ tó yẹ kí Gollob fi dágbére fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Okùn ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀, ilẹ̀ tú, wọ́n sì dá eré dúró lẹ́yìn ìkejìlá nínú àwọn eré alẹ́ náà. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bọ́ọ̀lù ní orúkọ, alùpùpù ní owó alẹ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀lù ní ilé, alùpùpù ló ń san owó orí ilé. Nígbà tí wọ́n jọ gbé, Wembley yè, ihò ìdọ̀tí Odsal di ilé ẹ̀yẹ, Chorzów sì rí ayọ̀ méjì nínú ọdún kan. Kò sí ìtìjú nínú kí ilé ńlá máa jẹ oúnjẹ tí ẹni kékeré gbé wá. Ìtìjú wà nínú kó jẹun yó, kó sì gbàgbé ẹni tó gbé e wá. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó sọ pápá wọ̀nyí di ńlá, tí wọ́n bá ti pe àwọn agbábọ́ọ̀lù tán, ẹ pe Arthur Elvin àti Johnnie Hoskins mọ́ wọn, ẹ pe Van Praag tó kọ adé ọ̀fẹ́, ẹ pe Craven tó fi ẹ̀mí tirẹ̀ ra ti ẹnìkejì. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Gbèsè ọpẹ́ tí bọ́ọ̀lù àti rọ́gíbì jẹ àwọn ọkùnrin tí kò ní bíréèkì pọ̀, ó sì ti pẹ́ jù kí wọ́n tó san án.